Àpò managed futures mi: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣe dáadáa?

Ojúlọ̀rọ́wà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ owó kan ló gbé mi wá. Mo ti yí i sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì, kò yé mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2023 ni mo kó $40,000 sínú àpò managed futures kan, ìyẹn àpò tí alábòójútó ti ń fi owó àwọn èèyàn ra àdéhùn ọjọ́ iwájú (futures) lórí epo, wúrà àti bọ́ǹdì, tó sì ń tà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó owó yẹn jọ. Ohun tó fà mí ni pé ní 2022, nígbà tí ìpín ilé-iṣẹ́ tí mo ní ń já wálẹ̀, tí bọ́ǹdì tí gbogbo ayé ń pè ní ibi ìsádi náà ń já wálẹ̀, àpò yìí jèrè 26%. Ẹni tó tà á fún mi tẹ́ bébà kan síwájú mi. Ìlà aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tó ń pọ́nkè lọ sí igun ọ̀tún lókè. Ìlà yẹn ni mo wò tí mo fi fọwọ́ síwèé. Mi ò bèèrè nǹkan kan mọ́.

Àkọsílẹ̀ wọn nìyí. Wọ́n ní àwọn ti yọ owó iṣẹ́ àwọn kúrò nínú rẹ̀:

2019: +5.5%
2020: −3%
2021: +4%
2022: +26%
2023: −9%
2024: +2%

Ní ìparí ọdún 2024, ìwé owó mi dé, $36,014 ló wà níbẹ̀. Mo gbé kálámù. Wọ́n ní mo pàdánù 9%, wọ́n ní mo jèrè 2% lẹ́yìn rẹ̀, mo wá rò pé ohun tó lọ kò ní ju 7% àti díẹ̀ lọ. Àmọ́ ó kù díẹ̀ kó pé $4,000 tó ti lọ. 10% nìyẹn. Mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn pé ìwé kò parọ́, pé àpò náà ti jèrè 24.5% láti 2019, pé kí n ṣe sùúrù.

Mo ní sùúrù. Ohun tí mi ò ní ni òye. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ìyókù owó mi gbà lọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn irú àpò báyìí kéèyàn mọ̀ bóyá alábòójútó rẹ̀ mọṣẹ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi wé S&P 500, atọ́ka tó ń wọn ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá 500 ti Amẹ́ríkà, tó jèrè tó 25% lọ́dún 2023, tó tún jèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024. Nígbà tí mo fi wé e, oorun kò kùn mí mọ́. Ṣé ìwọ̀n tó tọ́ nìyẹn?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ní tèmi, ẹ kó owó yín kúrò níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú àpò yìí, 2% ni wọ́n ń gbà lọ́dọọdún lórí gbogbo owó yín, wọ́n á tún gba 20% nínú èrè. Ẹ wo ọdún tí wọ́n jèrè 18% lórí iṣẹ́ ọjà: wọ́n á yọ 2, ó ku 16, wọ́n á mú ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn 3.2, 12.8 ló máa kàn yín. Ọdún tí wọ́n pàdánù ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé e, wọ́n á sì tún gba 2 lé e lórí. Àpò tó ń tẹ̀lé S&P 500 wà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá 1%. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ṣiṣẹ́ fún owó rẹ̀ fi máa sanwó báyìí.

Òǹṣirò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ owó o, mà. Iṣẹ́ ìṣirò ni mo ń ṣe, torí náà orí $36,014 yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ní ìtàn lẹ́nu.

Ẹ fi 0.91 di 1.02 púpọ̀. 0.9282 ló máa fún yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé $100 tó wọ àpò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti di $92.82 ní ìparí 2024. Bí $40,000 yín bá wọlé lódidi, $37,128 ló yẹ kẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Ẹ wá gbà á láti ẹ̀yìn: ẹ fi 0.9282 pín $36,014. Ó di $38,800. Iye tó wọ àpò náà gan-an nìyẹn. $1,200 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi sẹ́ǹtì kan yín rajà. 3% géérégé ni, kò lé, kò dín, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé owó ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó tà á fún yín gbà ni. Ẹ lọ wo ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò purọ́ fún yín. Àkọsílẹ̀ tó kà jáde jẹ́ ti àpò náà, owó ẹnu ọ̀nà kò sì wọ inú àpò rárá, kò lè hàn nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí àpò ṣe àti ohun tí owó yín ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin CFTC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974 láti máa bójú tó ọjà yìí, ní kí ìwé àlàyé irú àpò báyìí sọ iye èrè tí àpò gbọ́dọ̀ pa lọ́dún àkọ́kọ́ kí owó olùdókòwò tó lè dúró sí iye tó mú wá, lẹ́yìn gbogbo owó iṣẹ́. Break-even ni wọ́n ń pè é nínú ìwé náà. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó wo ìlà kankan tó ń pọ́nkè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 24.5% yẹn. Mo fi ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ara wọn púpọ̀, $100 di $124.47, torí náà òótọ́ ni. Àmọ́ ọdún mẹ́fà ni! Lọ́dọọdún, 3.7% ló jẹ́. Ẹ yọ 2022 nìkan kúrò, kẹ́ ẹ fi ọdún márùn-ún tó kù di ara wọn púpọ̀: $100 di $98.79. Gbogbo èrè àpò náà, ọdún kan ṣoṣo ló bí i, ẹ̀yin sì dé lẹ́yìn tí ọdún náà ti parí.

Bí wọ́n bá tún fún yín ní "èrè ìpíndọ́gba", ẹ má gbà á. Àpò tó jèrè 30%, tó pàdánù 20%, tó tún jèrè 10%, ìpíndọ́gba rẹ̀ lé ní 6.6% lọ́dún, àmọ́ $100 á di $114.40 péré, ìyẹn 4.6% lọ́dún. 4.6 yẹn lẹ lè ná.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Owó tí wọ́n fi ń ṣe ìdúró lórí ọjà futures, margin, kì í sábà ju díẹ̀ lọ nínú owó àpò. Ìyókù, ọ̀pọ̀ jù lọ ibẹ̀, inú treasury bill, ìyẹn owó ìgbà kúkúrú tí wọ́n yá ìjọba, ló ń wà, ó ń pa èlé. Láti oṣù keje 2023 sí oṣù kẹsàn-án 2024, èlé báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà wà láàárín 5.25% sí 5.5%. Nítorí náà, bí àpò yín bá pa èlé bíi 5% lọ́dún 2024, tó yọ 2% fún owó iṣẹ́, 3% ló yẹ kó kù kí alábòójútó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. +2% lẹ rí. Á jẹ́ pé iṣẹ́ ọjà gan-an pàdánù bíi 1%. Ẹ bi wọ́n: èló ni èlé, èló ni iṣẹ́ ọwọ́ yín? Kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n máa ń gba 20% wọn lórí èlé náà. Àwọn kan ń gbà á. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, nítorí treasury bill kò nílò ọgbọ́n ẹnikẹ́ni.

Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gba owó èrè. Bí àpò bá jèrè ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á mú ìdá tiwọn. Bó bá pàdánù gbogbo rẹ̀ kí ọdún tó parí, wọn kì í dá a padà. Ohun tó ń dáàbò bo yín ni high-water mark: wọn kò gbọ́dọ̀ tún gba owó èrè títí àpò yóò fi kọjá ibi tó ga dé tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ó wà nínú ìwé yín.

Àgbà Inú Ọjà

Òǹṣirò, o ṣeun gan-an. Ojúlọ̀rọ́wà, ẹ jókòó ẹ gbọ́ tèmi, torí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà yìí, mo ti gbà á kọjá.

Lẹ́yìn 2008, nígbà tí S&P 500 pàdánù 37%, tí àwọn tó ń tẹ̀lé ìrìn ọjà jèrè rẹpẹtẹ, mo sáré wọlé lọ́dún 2009. 2009 burú. 2010 dára. 2011 burú, 2012 burú. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo máa ń kọ iye owó àpò náà sí ní ìparí oṣooṣù, mo ṣì ní in títí dòní. Láti 2011 lọ, ẹ máa rí i pé ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́ ti yí padà, mo ń fi ìbínú tẹ kálámù mọ́ ìwé débi pé ó ń hàn lẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014 ni mo tà á. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já, láti nǹkan bíi $115 lórí àgbá Brent kan dé ìsàlẹ̀ $60 nígbà tí ọdún fi máa parí. Dọ́là ń gòkè, bọ́ǹdì ń gòkè, ìrìn gígùn tó tọ́ tààrà, irú èyí táwọn àpò yìí ń wá. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún márùn-ún dúró dè, mo lọ kí ó tó dé. Lójú ìwé oṣù kẹfà yẹn, mo kọ "ó tó." Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe pé àpò náà tàn mí. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo rà, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tẹ́ ẹ rà ni ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ẹni tó ń ra àdéhùn ọjọ́ iwájú, tó sì ń tà á, lórí epo, wúrà, àlìkámà, owó ilẹ̀ òkèèrè, bọ́ǹdì, àti atọ́ka ìpín ilé-iṣẹ́. Ó lè jèrè nígbà tí nǹkan ń gòkè, ó lè jèrè nígbà tó ń já. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń tẹ̀lé ìrìn ọjà: bí epo bá ti ń gòkè fún oṣù mélòó kan, wọ́n á rà, bó bá ń já, wọ́n á tà. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ọdún 1949 ni Richard Donchian dá àpò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń pa owó fún wọn ni ìrìn gígùn. Ohun tó ń pa wọ́n lára ni ọjà tó ń yí bíríbírí.

Ẹ wo oṣù kẹta 2023, oṣù kẹta tẹ́ ẹ wọlé. Gbogbo wọn ló ti ń ta bọ́ǹdì láti 2022, torí èlé ń gòkè: bí èlé bá gòkè, iye bọ́ǹdì á já, bí èlé bá já, iye bọ́ǹdì á gòkè. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni wọ́n ti Silicon Valley Bank, báńkì Amẹ́ríkà kan, pa. Gbogbo èèyàn sá wọ bọ́ǹdì ìjọba. Ní ọjọ́ 13, èlé bọ́ǹdì ọlọ́dún méjì ti Amẹ́ríkà já lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju bó ṣe já rí láti 1987. Ẹni tó ń ta bọ́ǹdì lọ́jọ́ yẹn, orí rẹ̀ ló wó lé. Ibi tó pọ̀ jù nínú 9% yín, mo fẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà pé oṣù yẹn ló wà. Kì í ṣe àmì pé alábòójútó yín ò mọṣẹ́. Bó bá wà lára àwọn tó ń tẹ̀lé ìrìn ọjà, tó sì jèrè lóṣù yẹn, èmi á bi í léèrè ohun tó ń ṣe gan-an.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. S&P 500 kọ́ ni ìwọ̀n tá a fi ń mọ̀ bóyá alábòójútó mọṣẹ́. Ẹ fi wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. SG CTA Index wà (CTA ni wọ́n ń pe àwọn alábòójútó irú àpò yìí), ogún alábòójútó ló wà nínú rẹ̀. SG Trend Index wà, mẹ́wàá tó ń tẹ̀lé ìrìn ọjà. Ní 2022, àwọn méjèèjì jèrè 20% ó lé. Ní 2023, wọ́n pàdánù, àmọ́ kò tó 5%. Ní 2024, wọ́n jèrè díẹ̀. Ẹ wá gbé tiyín lé e. Ọdún tó dára, ó bá wọn rìn. Ọdún tó burú, ó pàdánù tó ìlọ́po méjì tiwọn. Ibi tó ti ń dùn mí fún yín nìyẹn, ju pé ó pàdánù lọ. Ẹ béèrè ìdí.

Kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún atọ́ka náà pẹ̀lú o. Àwọn àkójọ ńlá tí àwọn alábòójútó ń fi ọwọ́ ara wọn fi èsì ránṣẹ́ sí, ẹni tó ti kú kì í fèsì ránṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ló máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀, tí yóò sì kó èsì rere àtẹ̀yìnwá wá. Torí náà ìpíndọ́gba ibẹ̀ máa ń dùn ju òtítọ́ lọ. Barclay CTA Index ń béèrè àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́rin kí alábòójútó tó wọlé, ìyẹn dín in kù díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi èsì hàn yín tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe lórí ọjà àtijọ́, tí kò sí owó ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i pé àfinúrò ni. Ẹ ka ìkìlọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó wo ìlà.

Lẹ́yìn náà, kòtò. Drawdown. Láti ibi tí owó ga jù dé ibi tó kéré jù kó tó tún gòkè. Àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí wọ́n fún yín ń bò ó mọ́lẹ̀, torí oṣù kìíní sí oṣù kejìlá nìkan ló ń wò, kòtò kò sì mọ oṣù kìíní. Ẹ gba èsì oṣooṣù lọ́wọ́ wọn, oṣù 72. Ohun mẹ́ta ni n óò wá níbẹ̀ bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin: bí kòtò ṣe jìn tó, oṣù mélòó ló fi wà nínú rẹ̀, àti bóyá àwọn èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi kòtò tó jìn jù pín èrè ọdọọdún. Owó tó bá pàdánù 20% nílò 25% kó tó padà sípò. Tó bá pàdánù ìdajì, ó nílò 100%.

Ẹ wo ìforúkọsílẹ̀ wọn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, NFA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó àwọn oníṣòwò futures níbẹ̀, ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ BASIC, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí i bóyá wọ́n ti jẹ wọ́n níyà rí.

Ibi tí S&P wúlò nìyí: kẹ́ ẹ fi wo ohun tí àpò náà ń ṣe fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan fi gbogbo owó rẹ̀ sínú S&P. 2022, −18%; 2023, +26%; 2024, +25%. $100 rẹ̀ di nǹkan bíi $129. Ẹlòmíràn fi 80 síbẹ̀, 20 sínú àpò yín, ó ń pín in bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún 2022, 9.2% péré ló pàdánù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, $130 ló ní. Ibì kan náà ni wọ́n dé, àmọ́ ẹnì kan nínú wọn sùn dáadáa.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó wu yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2019 bíi ti àkọsílẹ̀ wọn. S&P jèrè 31.5% lọ́dún yẹn, 18.4% lọ́dún 2020, 28.7% lọ́dún 2021. Mo ṣe é dé ìparí 2024: ẹni tó fi gbogbo rẹ̀ sínú S&P, $100 rẹ̀ di $259. Ẹni tó pín in 80 sí 20, $232. $27 nìyẹn lórí ọgọ́rùn-ún. Oorun náà wọ́n o.

Àgbà Inú Ọjà

Ìṣirò rẹ pé, àbúrò, mi ò ní jiyàn. Iye tí agbòjò ń jẹ nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń rà á mọ̀ ọ́n kó tó rà á. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni pé ẹni tó nílò owó rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2022, $259 kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá láti ná.

N óò fi ọ̀kan kún un tí àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ sọ. Agbòjò yìí kì í ṣí nígbà gbogbo. 2008 fi ọ̀pọ̀ oṣù já, àyè wà fún wọn láti yíjú padà. Oṣù kejì 2018, ìpín ilé-iṣẹ́ já lójijì, àwọn àpò yìí sì ti rà á kún ọwọ́ torí ó ti ń gòkè tipẹ́. Wọ́n jọ ṣubú ni. Pé àpò yìí àti ìpín ilé-iṣẹ́ kò bá ara wọn tan kò túmọ̀ sí pé bí ọ̀kan bá ń lọ sísàlẹ̀, ìkejì á máa lọ sókè.

Ojúlọ̀rọ́wà, ìgbà wo lẹ máa nílò owó yìí? Èló ló jẹ́ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní?

Ojúlọ̀rọ́wà

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Òǹṣirò, mo rí i. Ojú ìwé kẹtàdínlógún, lábẹ́ orúkọ ẹni tó tà á fún mi: 3%. Mo ti fọwọ́ sí i. Mo tẹjú mọ́ ìfọwọ́síwèé mi fún ìgbà pípẹ́. High-water mark wà níbẹ̀. Break-even náà wà níbẹ̀, ojú ìwé méjì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tún ń gba 20% wọn lórí èlé.

Ẹ̀gbọ́n, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí mo ní ló wà nínú àpò yìí. Ìdajì rẹ̀, mo máa nílò rẹ̀ kó tó di oṣù méjìdínlógún, fún iṣẹ́ abẹ ọkọ mi.

Èsì oṣooṣù tí mo béèrè dé lánàá. Oṣù kẹta 2023, −6.8%, bẹ́ ẹ ṣe sọ. Ibi tó ga jù ni ìparí oṣù kẹsàn-án 2022, kí n tó wọlé rárá. Láti ibẹ̀, ó já 17%. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti lo oṣù 27 nínú kòtò náà, kò tíì jáde. Mo fi 17 pín 3.7: ó fún mi ní 0.22. Bébà tí wọ́n tẹ́ síwájú mi lọ́jọ́ yẹn, ìparí 2022 ni ìlà rẹ̀ dúró. Mo wá rí i báyìí pé ìpẹ̀kun rẹ̀ ti ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Mi ò kíyè sí i nígbà yẹn.

Àgbà Inú Ọjà

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin! Mà, ó pọ̀ jù, ó pọ̀ jù lọ́nà tí èsì rere kankan kò lè tún ṣe. Owó iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ wà nínú nǹkan tó lè já 7% lóṣù kan. Ẹ yọ ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi sínú treasury bill tàbí ibi tí kò ti lè rìn. Ẹ má dúró dè é kó kọ́kọ́ padà sí $40,000. Àpò náà kò mọ iye tẹ́ ẹ mú wọlé. Fún ìdajì tó kù, ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́: kí ló dé tí 2023 yín fi burú tó ìlọ́po méjì tàwọn ẹlẹgbẹ́ yín? Bí wọ́n bá fi ojúlówó ìdáhùn ránṣẹ́, irú ọjà tí wọ́n wà, bí wọ́n ṣe ń dín ewu kù, ẹ lè fi díẹ̀ sílẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tẹ́ ẹ ní lọ. Bó bá jẹ́ sùúrù ni wọ́n tún ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ̀yin náà ti mọ̀.

Òǹṣirò

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń gbà kéèyàn kówó jáde, mà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìparí oṣù nìkan, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún wọn ṣáájú. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń gba owó ìjáde.

Ojúlọ̀rọ́wà

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìparí oṣù ni wọ́n fẹ́, kò sí owó ìjáde lẹ́yìn ọdún kan. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, $20,000. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wà nínú lẹ́tà kejì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Mo ti ra ìwé àjákọ kan. Mo kọ oṣù 72 náà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fa ìlà pupa sábẹ́ oṣù kìíní 2023. Bí wọ́n bá fèsì, n ó gbé e wá síbí.